Òkúta Pupa Ìta-Ògbólú

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kọkànlá, 2001. Àkúrẹ́.

Lẹ́tà àwọn aláṣẹ yunifásítì wa dé lónìí. Gbogbo àwa olùkọ́ kékeré tí a kò tíì gba oyè Másítà, bí oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ bá parí tí a kò sì tíì yege níwájú àwọn adánniwò, kí a kó ẹrù wa. Wọn ò kọ ọ́ báyẹn. Òyìnbó dídùn ni wọ́n fi dì í, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Àwa mẹ́ta ló kàn. Àwọn méjì yòókù ti ń kọ orí tó kẹ́yìn. Èmi ṣì ń wá òkè tí n óò yẹ̀ wò.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa òkúta níbí. N kò ní padà lọ máa ya máàpù sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ girama. Olúgbénga ọkọ mi wà ní Òkìtìpupa níbi tí ìjọba gbé e lọ, kò sí ẹni tí mo lè ráhùn sí nínú ilé. Ìdí tí mo fi ra ìwé yìí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kọkànlá.

Ìta-Ògbólú. Bàbá Ṣàngódèyí, àgbẹ̀ tó ni oko ẹ̀gẹ́ tó yí òkè náà ká, ló mú mi gun un. Ọkùnrin yìí á tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó ń gun òkè bí ewúrẹ́, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá tíṣà, ẹ rọra o. Òkúta ọ̀hún yẹn kì í dúró, ó máa ń ṣí bí èèpo."

Nígbà tí mo rí ohun tó ń sọ, ó ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn.

Òkúta onílà funfun àti dúdú, irú èyí tó kún abẹ́ Àkúrẹ́, ni gbogbo òkè náà. Òkúta dúdú kan, ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, la àárín rẹ̀ kọjá gbọnrangandan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta dúdú yìí, òkúta onílà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sán, ó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Òkúta dúdú yẹn ṣàn gba ibẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ iná, ó sì sun aládùúgbò rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú rẹ̀ wà ní agbègbè yìí. Mo ya àwòrán mẹ́rìnlélógún, mo ṣa ègé mọ́kàndínlógún. Wáyà tó ti dípẹtà gún mi lẹ́sẹ̀ nínú koríko, mo rò pé tàkúté ọdẹ ni.

Mo kọrin nínú mọ́tò títí mo fi dé Àkúrẹ́. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ọmọ mi bímọ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kọkànlá. Oǹdó.

Màmá ń húkọ́. Yétúndé àbúrò mi, tó ń bá a gbé, ní ó ti lé ní oṣù kan. Màmá ti rù débi pé aṣọ ń yọ́ bọ́ léjìká rẹ̀. Dókítà ní eruku òkúta tó fi ọgbọ̀n ọdún fọ́ ló ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń gbá eruku jáde. Ẹ̀yìn ilé ni Yétúndé ti sọ fún mi. Mo kanra mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló da eruku síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní ilé-ìwé wa pé afọ́kùúta ni ìyá mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹnìkan bi mí iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe, mo ní aṣọ ló ń tà. Ó di ọdún mọ́kànlá, aṣọ náà kò tíì tán lórí igbá. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mo ra ìbọ̀wọ́ funfun fún un kó má baà sí ẹni tó máa rí ọwọ́ rẹ̀. Ó rò pé àṣà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ṣì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kọkànlá. Àkúrẹ́.

Dókítà Olúwọlé, ọ̀gá tó ń tọ́ iṣẹ́ mi sọ́nà, fi gíláàsì wo àwọn ègé náà. Ó tún wò wọ́n. Ó ní, "Ìyáàfin Adébùsóyè, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ rí yìí?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n, sà.

Ó ní kí n gbé gbogbo iṣẹ́ náà ka orí rẹ̀. Bó bá yá, àwa méjèèjì á jọ fi ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó ń ka orúkọ àwa tí a jọ kọ ọ́, tirẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n ló lè sọ pé ó wúwo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ṣáájú.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejìlá.

Ẹ̀rọ tó ń gé òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí a lè wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù ti bàjẹ́. Wọ́n ní ọ̀bẹ rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó. Ó ti ń bọ̀ láti oṣù Kẹfà. Ọ̀gá ní kí n máa kọ̀wé lọ, pé àwòrán tó.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejìlá.

Ọyẹ́ dé pẹ̀lú ìbínú. Ètè mi là, ìwé ń ká kò lórí tábìlì. Ìjàpọ̀, àdúgbò wa, kò níná fún ọjọ́ kẹrin. Orí kẹta tán, mo sì ti kọ ojú ewé mẹ́fà nínú orí kẹrin, orí òkúta pupa. Òun nìkan ló ń dùn mọ́ mi láti kọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kejìlá. Oǹdó.

Kérésìmesì. Adìẹ wọ́n bí ẹran màlúù. Lẹ́yìn ìsìn, Yétúndé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, kí lẹ ń wá lára òkúta gan-an?"

Mo ní òkúta máa ń yí padà láìyọ́. Bí ilẹ̀ bá sún kira, tí òkè ńlá wúwo lé òkúta lórí nínú ikùn ilẹ̀, ooru àti ẹrù yẹn á tún inú rẹ̀ tò, á di onílà. Irú èyí ló pọ̀ jù láti ibí dé Àkúrẹ́. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ya, òkúta á máa fi ara ha ara, á kúnná, á tún dì. Níbi tí omi gbígbóná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, omi náà á pa ìwà rẹ̀ dà. Èyí tí mo rí yàtọ̀ sí gbogbo wọn: òkúta yíyọ́ ló ya wọ inú èyí tó tutù, ó sì sun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni sun iṣu.

A ò mọ̀ pé Màmá ń gbọ́. Ó sọ̀rọ̀ láti orí ẹní: "Èyí onílà yẹn, bí wo bá fẹ́ ẹ là, ìlà rẹ̀ ni kí wo fi òòlù tọ̀. Bí wo bá dá a bú, ojú rẹ ló máa fò sí."

Yétúndé rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun." N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn, torí àwọn ará ilé Olúgbénga tó wá kí wa wà ní pálọ̀.

Ó ní kò burú. Ó kọjú sí fèrèsé.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kìíní, 2002.

Wọ́n fowó kún epo mọ́tò lánàá, ọdún tuntun nìyẹn. Àwọn ọlọ́kọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó ti gbọ́ kí rédíò tó sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kìíní. Oǹdó.

Yétúndé ló fà á. Ó rí àpòòwé àwòrán nínú báàgì mi, ó sì gbé e fún Màmá kó rí ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Màmá mú èyí tó wà lókè jìnnà sí ojú, ó tún mú un súnmọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ikọ́. Nígbà tí ikọ́ rọlẹ̀, ó ní, "Ta ló fi ibi iṣẹ́ wa hàn ọ́?"

Mo ní, "Ibi iṣẹ́ wo, Màmá?"

"Ìta-Ògbólú kẹ̀. Ibí la ti fọ́ òkúta ọ̀nà nígbà tí wo wà ní girama. Ṣé wo rí pupa rẹ̀? Táyà tirélà la máa ń jó lé e. Bó bá ti gbóná kankan, a ó da omi tútù lé e lórí, á sán, a ó wá fi irin ṣí i. Ẹ̀gbẹ́ dúdú yẹn la máa ń jó jù, torí ẹnu ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ là." Ó fi ìka tọ́ ọ fún mi lórí àwòrán. Ìka yẹn kò tọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí òòlù ti fọ́ ọ. "Wáyà inú táyà á ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ta ló máa kó o?"

Mo mọ̀ pé ó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ Àkúrẹ́ nígbà náà, tó ń lo ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta kó tó wálé. N kò bi í rí pé ibo gan-an.

"Ṣé ó wúlò fún iṣẹ́ rẹ?" Inú rẹ̀ dùn. "Mo mọ ibẹ̀ o. Bí wo bá fẹ́ bi mí ní nǹkan, bi mí."

Mo ní ó wúlò gan-an, Màmá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kìíní. Ìta-Ògbólú.

Mo yá ọkọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ṣàngódèyí. Mo ní kí n má fi ẹnu arúgbó tó ń ṣàìsàn pa iṣẹ́ ara mi. Bó bá jẹ́ òkúta dúdú ló sun ibẹ̀, pupa náà gbọ́dọ̀ bá a wọlẹ̀ lọ. Mo gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó pọ́n jù. Níbi tí ilẹ̀ ti bo òkúta, ìlà rẹ̀ mọ́ tónítóní, funfun àti dúdú, kò sí pupa kankan. Mo fọ́ èyí tó wà lókè, pupa náà kò wọnú ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Òkúta dúdú alára pọ́n lójú, bẹ́ẹ̀ òun ni mo ti kọ ojú ewé mọ́kànlélógójì lé lórí pé òun ló jó ẹlòmíràn.

Mo ṣa wáyà mẹ́tàlá nínú koríko.

Bàbá dúró tì mí. Ó ní, "Àwọn obìnrin Oǹdó ni wọ́n ń dáná níbẹ̀ látijọ́. Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, Ìyá tíṣà. Ẹ̀yin lẹ ní uná abẹ́ ulẹ̀ ni. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa bá yín jiyàn?"

Kò sí ọmọ afọ́kùúta tí kì í mọ ojú òkúta tí wọ́n fi iná là. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo ti ru omi lọ dà á rí lẹ́yìn ilé wa. Kò sí ẹni tó gbà á kúrò lórí mi. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ tìpá-tìkúùkù.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kìíní.

Mo sọ fún Dókítà Olúwọlé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹnìkan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, sà."

"Ṣé ẹni náà ń bọ̀ níbi ìdánwò?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Ìyáàfin, oṣù kejì ti dé tán. Ṣé oyè lẹ fẹ́ gbà ni, àbí ẹlẹ́rìí lẹ fẹ́ ṣe?"

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun náà ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa òkúta pupa, ìgbéga rẹ̀ sì wà lórí ohun tí a jọ fẹ́ tẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. N kò yọ orí kẹrin kúrò. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fún ara mi láti ronú, bí ẹni pé ìrònú ló kù.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kìíní.

Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí epo. Gbogbo ìlú pa rọ́rọ́. Mo sùn di ọ̀sán.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kìíní. Oǹdó.

Màmá kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ìjókòó ló fi ń sùn. Ó sì tún bi mí nípa òkè náà, ìgbà kẹta nìyẹn, pé ibo ni mo bá a dé. N kò lè purọ́ mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí lẹ́tà dé orí iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́.

Ó ní, "A jẹ́ pé iná wa ló ba iṣẹ́ rẹ jẹ́."

"Rárá, Màmá. Èmi ni n kò bi yín."

"Ta ló tún mọ̀? Àwọn tí a jọ dáná yẹn ti kú tán. Ó ku èmi àti Ìyá Nímọ́tà, òun ò sì ríran mọ́. Má sọ fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n fún ọ níwèé rẹ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni éè ní í mọ̀ pé mo débẹ̀ rí." Ó sinmi díẹ̀ kó rí èémí. "Ṣebí aṣọ náà ni mò ń tà."

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

"Ọmọ Oǹdó kan tó ń kàwé lọ́dọ̀ yín ló wá kí mi. Ó ti tó ọdún márùn-ún. Ó ní òun ń wá ìyá tíṣà àwọn, ìyá aláṣọ. Mo ní èmi rèé, ọjà ló tán."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sí ìkanra kankan nínú ẹ̀rín náà. Ìyẹn ló burú jù. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má gbọ́ mi. Ojú tì mí. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa rí i: ojú tì mí dé egungun.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kìíní. Àkúrẹ́.

Mo ti yọ orí kẹrin. Ojú ewé mọ́kànlélógójì. Mo fi méje rọ́pò rẹ̀: pé òkúta òkè náà jẹ́ irú èyí tí ẹrù àti ooru ikùn ilẹ̀ yí padà, àti pé iná àwọn afọ́kùúta ló sọ ojú rẹ̀ di pupa, kí ẹlòmíràn má baà ṣìnà bíi tèmi. Ọ̀gá bu ọwọ́ lù ú lórí ìdúró. Ó ní kí n má retí kó gbèjà mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kejì. Oǹdó.

A gbé Màmá lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ní kí a máa gbé e padà lọ sílé. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, márùn-ún ló lè sọ kó tó sinmi. Yétúndé ti fi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kò sì ráhùn. Èmi ni mo ń ráhùn fún un.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kejì. Àkúrẹ́.

Ìdánwò. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Àwọn márùn-ún ló jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníyì, tí wọ́n pè láti ìta, ti ka iṣẹ́ náà dáadáa, ó fàmì sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ó ní orí kẹta dára. Ó wá ṣí ojú ewé méje yẹn. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé iná ènìyàn ni. Mo ṣàlàyé ilẹ̀ tí mo gbẹ́, ìbú ọwọ́ kan, wáyà mẹ́tàlá. Ó mi orí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kí ló tiẹ̀ mú yín gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀? Ta ló tọ́ yín sọ́nà?"

Láti ilé ni mo ti múra ìdáhùn yẹn sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ sókè nínú yàrá nígbà bíi mélòó kan. Mo ní, "Afọ́kùúta kan ní Oǹdó ni, sà. Àdùnní Akínbọ̀wálé lorúkọ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Ẹnìkan láàárín wọn ní, "Háà, afọ́kùúta ti wá di ọ̀jọ̀gbọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníyì kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ìbátan yín ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Dókítà Olúwọlé ń wo aago. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ó sì ti jáde kí n tó mọ̀ pé mo ti lanu.

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Wọ́n pè mí padà. Ìwà òtítọ́ mi wú wọn lórí, wọ́n ní kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kù nínú iṣẹ́ náà kò tó fún Másítà. Kí n wá òkè mìíràn, kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣù kejì ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kejì.

Mo kó ìwé mi kúrò ní ọ́fíìsì. Páálí méjì ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kejì. Oǹdó.

Ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n fi gbé Màmá ró. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí aṣọ ìbora, mo dì í mú. Ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere.

Ó ní, "Báwo?"

Mo ní ó ti parí, Màmá.

"Ṣé wo sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní iná yín ni."

"Wo dárúkọ mi?"

"Mo dárúkọ yín ní kíkún. Àdùnní Akínbọ̀wálé, afọ́kùúta."

Ó di ojú. Ó pẹ́ kó tó rí èémí mìíràn fà. "Wo ní ìyá rẹ ni mí?"

Yétúndé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ. Ó ń wò mí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo sọ fún wọn."

Ó lajú. Ó wo èmi, ó wo Yétúndé, bí ẹni pé kí òun náà gbọ́. "Kí wọ́n wá wí?"

"Wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́."

Ó rọra tẹ ọwọ́ mi. Ó ní, "Bí wo bá padà, bá mi kí wọn."

Mo ní wọn á gbọ́.